Ilẹ̀ onípákó tí ẹ fẹ́ lẹ táìlì sí: ẹ má jẹ́ kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé e o

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èkó ni mo wà báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà níbi iṣẹ́, ilé bàbá wa ní Pópó Àgùdà ni mo sì dé sí, ẹ ṣáà mọ àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yẹn tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ní sìmẹ́ǹtì, pákó ni gbogbo òkè. Àwa ọmọ dáwó jọ pé ká lẹ táìlì sí pálọ̀ Màmá. Mo dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá yanrìn tí wọ́n ti ń rù gòkè, onítáìlì ti ń bèèrè omi. Mo ní kí lẹ fẹ́ ṣe? Ó ní "Bọ̀dá, a máa kọ́kọ́ da sìmẹ́ǹtì íǹṣì méjì lé e kó lè tẹ́jú." Mo ní ẹ dúró ná.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Pálọ̀ yẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, bíi square metre 13. Yanrìn àti sìmẹ́ǹtì íǹṣì 2, mítà kọ̀ọ̀kan máa tó kílò 100. Kílò 1,300 nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn gbé Corolla gòkè wá páàkì sí pálọ̀, a ò tíì gbé táìlì lé e, a ò tíì ka àwọn tó máa wá kí Màmá lọ́jọ́ Kérésì. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an sì ni àbúrò Bàbá ń sùn sí.

Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù ú lọ o, ó ti ṣẹ sí èmi náà ni. Kíṣìnì wa ní Manchester, pákó ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ táìlì lé e tààrà, YouTube ni ọ̀gá mi. Ìgbà òtútù dé, a tan hítà, kò pẹ́ tí gíráùtì, ohun tí wọ́n fi ń dí àárín táìlì, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, tí mo bá fi ìka kan táìlì á máa dún bí àgbá òfìfo. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi ìgbálẹ̀ gbá gíráùtì jọ ní gbogbo àárọ̀.

Pákó máa ń wú tí ọ̀rinrin bá wà, tó bá gbẹ á súnkì, tí èèyàn bá sì gun orí ẹ̀ á tẹ̀. Táìlì ò mọ ọ̀kankan nínú gbogbo ìyẹn, fífọ́ nìkan ló mọ̀. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń mì. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù omi sáàárín yàrá, kí ẹnì kan fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí omi bá dànù, ẹ má tíì ra táìlì. Lókè òkun, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí ẹ fi 360 pín gígùn igi tó gbé pákó dúró, ohun tó bá jáde ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ kọjá: igi mítà 3.6 ò gbọdọ̀ tẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ. Tó bá jẹ́ mábù, 720 ni, mìlímítà 5 péré.

Tiwa níbí, káfíńtà ṣí pákó méjì, ikán ti jẹ orí igi kan níbi tó ti wọnú ògiri, ẹ tiẹ̀ lè fi ọwọ́ rún un. A gbé igi tuntun ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, a fi bóòtù dè é. A fi súkúrù mú gbogbo pákó, kì í ṣe ìṣó o, a wá kan marine board lé e, a fi àlàfo bíi mìlímítà 3 sáàárín wọn. Lórí ìyẹn ni Ditra, ike pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí wíwú àti ìsúnkì pákó dé ara táìlì, tí mo gbé wá láti ìlú ọba (kọ́sítọ́ọ̀mù ní ṣé kápẹ́ẹ̀tì lèyí), kí táìlì tó wá tẹ̀lé e. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, mítà kan ò tó kílò 50.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ìsàlẹ̀ tiwa kọnkéré ni, òkè ló jẹ́ igi. Ẹni tó fẹ́ ṣe é ní cement board (pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe) nìkan ti tó, pé òun náà á jẹ́ kí ilẹ̀ le. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Rárá o, àǹtí mi. Cement board dára fún kí gọ́ọ̀mù táìlì lè mú, àmọ́ kì í mú kí ilẹ̀ tó ń mì dákẹ́. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe é tẹ́ gọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹ̀ kó tó kàn án, kó sì fi téèpù dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ wo ara àpò gọ́ọ̀mù náà, lọ́dọ̀ wa ní ìlú ọba, C2 àti S1 la máa ń wá, C2 ló ń sọ pé gọ́ọ̀mù oní-sìmẹ́ǹtì náà lágbára ju ti gbogbo gbòò lọ, S1 ló ń sọ pé ó lè tẹ̀ díẹ̀.

Onítáìlì Mushin:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ má bínú sí ọmọ yẹn. Dẹ́kì, òkè tí wọ́n fi kọnkéré dà, la mọ̀ l'Ékòó, táa bá da sìmẹ́ǹtì lé dẹ́kì kò séwu, ilé onípákó mélòó ló kù? Èmi náà ò tíì lẹ ju méjì lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé tí ẹ bá lọ sí ọjà táìlì ní Coker, ẹ wo nọ́ńbà ara páálí kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ ra páálí kan lé. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ò ní rí àwọ̀ yẹn mọ́. Ẹ sì má ti táìlì mọ́ ògiri pinpin.

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Ẹ ṣé gan-an ọ̀gá. Mìlímítà 6 la fi sílẹ̀ yípo, sílíkóònù la fi dí i, kì í ṣe gíráùtì.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ilẹ̀kùn ńkọ́? Gbogbo ohun tẹ́ ẹ tò léra yẹn, ilẹ̀ ò ti ga báyìí?

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Ó fẹ́ẹ̀ tó mìlímítà 40. A ti fá ìdí ilẹ̀kùn.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Mi ò sọ ti ilẹ̀kùn nìkan. Ẹsẹ̀ Màmá ni mo ń sọ, tí wọ́n bá ń ti kọ̀rídọ̀ bọ̀ wọ pálọ̀ lóru.

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Yéè. Ẹ jẹ́ n pe káfíńtà padà, kó gbẹ́ pákó onígẹ̀rẹ́ kan wá.