Láti Abuja lọ sí Appalachian Trail: báwo ni kí n ṣe múra?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Kubwa ni mò ń gbé. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rin Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí òkè ní Amẹ́ríkà, láti Georgia dé Maine, bíi kìlómítà 3,500. Òkè Mpape ni mo fẹ́ fi dánra wò. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Èsì 1: Àbúrò, ẹrù ni kí o fi kọ́ra. Di pure water sínú àpò ẹ̀yìn: mẹ́wàá jẹ́ kílò 5. Máa fi méjì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di kílò 12. Tí o bá dé orí òkè, da omi náà nù kí o tó sọ̀kalẹ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́ ju gígùn lọ. Má dá lọ o.

Èsì 2: Bàtà ńkọ́? Ra èyí tó fi ìdajì nọ́ńbà ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ẹsẹ̀ á wú. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kí o wọ̀. Ti òwú máa ń gba òógùn dúró, awọ á rọ̀, á sì lé ròrò. Níbi tó bá ti ń gbóná, lẹ pílásítà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èsì 3: Ẹ tún wo físà. Oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò láti fi wà níbẹ̀, ìrìn náà sì máa ń gba oṣù 5 sí 7. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta, òtútù Georgia kì í ṣe ọyẹ́ Abuja rárá: omi lè dì lóru.