Bátìrì wo ni ká rà sínú Màrúwá tá a fẹ́ sọ di oníná?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ̀dá mi tí wọ́n ń wa Màrúwá n'Ìbàdàn fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò ká fi mọ́tò iná sí i, torí owó epo ti ń gbé gbogbo èrè lọ. Ti mọ́tò ò le, BLDC la máa lò, ìyẹn irú mọ́tò iná tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì tó máa jẹ tán. Bátìrì gan-an ni wàhálà. Lead-acid, ìyẹn bátìrì olójé àti ásíìdì bíi ti ọkọ̀, ò wọ́n, àmọ́ ó wúwo gan-an, téèyàn bá sì ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú. LFP, ìyẹn bátìrì lithium tó ní iron phosphate, ló wù mí, sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ 3.2V, tá a bá so 16 tẹ̀ léra á fún wa ní nǹkan bíi 51V, ó sì lè gba ṣáájì ju 2,000 ìgbà lọ. Ẹnì kan ní ká ra NMC, ìyẹn irú bátìrì lithium mìíràn, torí ó fúyẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ó tètè ń gbiná ju LFP lọ tó bá gbóná jù, èrò sì ń bẹ lẹ́yìn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé BMS (pátákó tó ń ṣọ́ bátìrì) 100A á lè gbé wa gun òkè Mọ́kọ́lá tèrò-tèrò? Báwo lẹ sì ṣe ń dá sẹ́ẹ̀lì tuntun mọ̀ yàtọ̀ sí tòkúnbọ̀ tí wọ́n kàn yí ike rẹ̀ padà? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ sanwó.