Ọ̀kọ̀ ṣì wà ní èjìká mi: ìrírí àwa eléré ìdárayá àtijọ́ lọ́dọ̀ kóòṣì gọ́ọ̀fù

Ẹni tó ti ju ọ̀kọ̀ rí:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ju ọ̀kọ̀. Nígbà tí orúnkún òsì mi kọ̀ tí kò gbà mọ́, mo fi pápá sílẹ̀, mo sì wá eré tí ara mi ṣì lè ṣe. Gọ́ọ̀fù ni mo mú. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó ti ń ju ọ̀kọ̀ gíráàmù 800, kí ni bọ́ọ̀lù tí kò tó gíráàmù 46 fẹ́ fi í ṣe? Bọ́ọ̀lù náà kò sì sá lọ síbì kan. Ilẹ̀ ló jókòó sí, tó ń dúró dè mí.

Ọdún méjì gbáko ni bọ́ọ̀lù mi fi ń yà sọ́tùn-ún. Á gbéra bí ẹni pé yóò lọ tààrà, kó tó dé àárín ọ̀nà á ti tẹ̀ wọgbó. Slice ni wọ́n ń pè é. Agbára mi kò ràn mí lọ́wọ́ rárá: bí mo bá ṣe lù ú kíkankíkan tó, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí ọ̀nà tó. Mo wá ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí máa ń ṣe, mo ń kọjú sí òsì kí bọ́ọ̀lù lè yí padà bọ́ sáàárín. Ó burú sí i. Àwọn tí a jọ ń ṣeré ní kí n má gbójú sókè. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn máa ń ní lẹ́nu nìyẹn, kò sì wo àìsàn mi.

Kóòṣì tí mo wá rí kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n “ẹ” ni mo ń fún un, òun náà ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti mú ọ̀pá dání, ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Ó fún mi ní bọ́ọ̀lù kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jù ú bí ẹ ṣe máa ń ju ọ̀kọ̀.” Mo jù ú, ó fi fóònù rẹ̀ ká a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó ní kí n fi ọ̀pá kan tí wọ́n ń pè ní 7-iron lu bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ó ká ìyẹn náà. Ó gbé fídíò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó mú kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Èjìká ọ̀tún mi ni. Nínú méjèèjì, ó gba òkè fò síwájú, ó ń wọ́ apá tẹ̀lé e. Ìkan náà ni wọ́n.

Òfin jíju ọ̀kọ̀ ni pé orí èjìká tàbí òkè apá tí a fi ń jù ú ni ọ̀kọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹni tó bá fì í láti ẹ̀gbẹ́, wọn kò ní ka tirẹ̀. Nítorí náà, láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ń lé apá mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Gbé ìgbúnwọ́ sókè!” ni mo gbọ́ jù láyé mi. Gọ́ọ̀fù ní tirẹ̀ fẹ́ kí ìgbúnwọ́ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ ìbàdí, kí ọ̀pá gba inú jáde lọ bá bọ́ọ̀lù. Tèmi ń gba òde wọlé, ó ń ré bọ́ọ̀lù kọjá bí ẹni ń gé nǹkan, ojú ọ̀pá sì ṣí sílẹ̀ sọ́tùn-ún. Kóòṣì ní ibi tí ojú ọ̀pá bá kọ sí ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń gbà gbéra. Bí ojú yẹn kò bá bá ọ̀nà tí ọ̀pá ń tọ̀ mu, bọ́ọ̀lù á máa yí ní ìdagun, á sì tẹ̀ sí ìhà tí ojú náà kọ sí. Ìgbà náà ló yé mi ìdí tí kíkọjú sí òsì fi ń dá kún un. Ńṣe ni mò ń fa ọ̀nà ọ̀pá sí òsì sí i, tí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ojú ọ̀pá ń fẹ̀ sí i.

Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo fi òógùn kọ́, tó gbé mi dé ibi tí mo dé, òun náà ló ń gbé bọ́ọ̀lù mi wọgbó. Mo bi kóòṣì bóyá mo lè gbàgbé rẹ̀. Ó ní rárá, ó ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ kí n gbàgbé gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ òsì mi han òun.

Ẹni tó bá ti ju ọ̀kọ̀ á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí a bá sáré dé òpin, ẹsẹ̀ òsì là ń gún mọ́lẹ̀ ṣinṣin, òun ló ń dá ara dúró lójijì kí agbára eré tí a sá lè gba inú ara kọjá sí apá. Nínú gọ́ọ̀fù náà, bí ọ̀pá bá ti fẹ́ kan bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ ilẹ̀ tó ń nà, tí ìbàdí fi ń ráyè yí, tí ọ̀pá fi ń já bọ̀ pẹ̀lú eré. Kóòṣì ní, “Ẹsẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mò ń kọ́ títí tí kò wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀yin ti ní i. Èjìká nìkan la máa bá wí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde.

Iṣẹ́ tó fún mi ni kí n máa fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń ju òkúta pẹlẹbẹ sójú omi kó lè máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ. Ọgọ́rùn-ún ìgbà lójúmọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan ọ̀pá, ní ìdajì eré. Ó gbé ìbòrí ọ̀pá kan sílẹ̀ ní òde bọ́ọ̀lù díẹ̀: bí èjìká bá tún gba òkè wá, ìbòrí náà ni ọ̀pá máa gbá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló burú jù. Ọrùn ọ̀pá ni mo ń fi gbá bọ́ọ̀lù, ó ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni lé e. Téèpù ni wọ́n fi wọn iṣẹ́ mi láti kékeré, mo mọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà kan lè gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Kóòṣì wá ní kí n má wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ mọ́. Ó mú mi lọ síwájú àwọ̀n, kò ju mítà méjì lọ, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni a ó lò níbẹ̀. Mo bínú. Lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ lọ sílé láìdágbére fún un. Mo tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àwọ̀n yẹn ló wò mí. Nígbà tí kò sí ohun tí mo lè máa wò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ìró bọ́ọ̀lù tí ọ̀pá ré kọjá fẹ́lẹ́, ti èyí tí ọ̀pá gbá dénú ki. Kí àwọ̀n tó mì, ọwọ́ mi ti mọ̀.

Ọjọ́ tí a padà sí gbangba, bọ́ọ̀lù kẹrin tí mo gbá gbéra sọ́tùn-ún díẹ̀, ó dà bí ẹni rántí nǹkan, ó rọra tẹ̀ sí òsì, ó sì bọ́ sáàárín. Èmi àti kóòṣì dákẹ́, a ń wò ó. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ayọ̀ yẹn fún ẹni tí kò tíì fi ọdún méjì wá bọ́ọ̀lù nínú igbó.

Kò tíì tán pátápátá. Níbi ihò àkọ́kọ́, bí àwọn ènìyàn bá dúró wò mí, èjìká náà ṣì máa ń fẹ́ jáde. Kí n tó lọ sọ́dọ̀ kóòṣì, ìgbà 112 ni mo gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn kí n tó parí ihò 18, lórí pápá tí par rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kí ọ̀jáfáfá gbá a, jẹ́ 72. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Lóṣù tó kọjá mo gbá 95, láìlo driver rárá, ìyẹn ọ̀pá gígùn tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà.

Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rí:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tiyín rọrùn ju tèmi lọ. Tiyín ṣáà ń lọ, ọ̀nà ló ṣì. Tèmi ń dúró. Mo máa gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn dáadáa, bí mo bá ń mú un bọ̀ tó kù díẹ̀ kó kan bọ́ọ̀lù, apá mi á gan, ọ̀pá á dúró lófuurufú, kó tó tún wá já lulẹ̀. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, swing mi, ìyẹn bí mo ṣe ń fi ọ̀pá, ń ṣàn bí omi. Ẹ ṣáà ti gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀, ó ti dé nìyẹn.

Ẹni tó bá ti rí Charles Barkley lórí pápá gọ́ọ̀fù mọ ohun tí mò ń sọ. Àgbà ni nínú eré tiwa, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, 2000 ló fẹ̀yìn tì, swing rẹ̀ sì dáa tẹ́lẹ̀ kí gígan yẹn tó wọ̀ ọ́ lára. Ní 2009, Hank Haney, kóòṣì tó ń kọ́ Tiger Woods, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbágọ́ọ̀fù, lásìkò náà, bá a ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé lórí tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ kò lọ. Ọkùnrin náà kò fi ọ̀pá sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2020, òun àti Phil Mickelson, agbágọ́ọ̀fù, na Stephen Curry tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àti Peyton Manning tó ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí: ihò mẹ́ta ṣì kù, wọ́n ti fi ihò mẹ́rin ṣíwájú. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mọ́kànlá!

Kóòṣì mi kò bá mi sọ̀rọ̀ apá tàbí ìbàdí. Ó to bọ́ọ̀lù mẹ́fà sórí tee, èèkàn kékeré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù lé, ní ìlà kan, ó ní kí n máa rìn, kí n máa gbá wọn lọ, ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ sinmi láàárín. Méjì àkọ́kọ́ gan. Mẹ́rin tó kù lọ. Ó tún ní kí n tẹjú mọ́ àsíá tó wà níbi ihò dípò bọ́ọ̀lù, ìyẹn náà lọ. Ó ní apá mi kò ní àìsàn kankan, àyè tí mò ń fún ẹ̀rù láti wọlé ló pọ̀ jù. Láti ìgbà náà n kì í jẹ́ kí ọ̀pá dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Mo ń mì í lọ, mo ń mì í bọ̀, títí á fi lọ. Nínú ìdánrawò, kì í gan mọ́. Lórí pápá gan-an, nínú mẹ́rin, ó ṣì lè gan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó ti gbá họ́kì rí:

Tèmi kò gùn. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń di ọ̀pá họ́kì mú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e wọ gọ́ọ̀fù. Kóòṣì sún un bọ́ sí ìka, ó yí ọwọ́ òsì mi sọ́tùn-ún díẹ̀ lórí ọ̀pá, ó tán. Fún oṣù kan, ńṣe ló dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìka mi bó. Lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀gbọ́n wa tó ju ọ̀kọ̀. Orúnkún òsì tó lé yín kúrò lórí pápá, òun náà lẹ tún ń gún mọ́lẹ̀ báyìí. Ṣé kò dùn yín ni?

Ẹni tó ti ju ọ̀kọ̀ rí:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ó dùn mí, mo sì fi pa mọ́ fún kóòṣì fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì ń díje. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ àtijọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó rí i pé mò ń tiro, ó bi mí, mo jẹ́wọ́. Ó yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi síta, sí ìhà ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí lílọ́ ìbàdí má baà já lé orúnkún lórí. Ó tún ní kí n jẹ́ kí gìgísẹ̀ òsì gbéra díẹ̀ bí ọ̀pá bá ń lọ sẹ́yìn. Ó ń dùn mí bí mo bá gbá ju ọgọ́ta bọ́ọ̀lù lọ lójúmọ́, nítorí náà ọgọ́ta ni mo ń dúró sí.

Lọ́la ni a tún máa pàdé. Ó ní kí n mú driver wá. Oṣù mẹ́rin ló ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti nù ún nírọ̀lẹ́ yìí.