Dókítà kọ̀ láti fún màmá mi ní abẹ́rẹ́ Alzheimer

Àbẹ̀kẹ́ Houston: Ẹ gbà mí o. Ẹni ọdún 74 ni màmá mi, Alzheimer, àìsàn tó ń jẹ ìrántí, ló ń bá wọn jà. Lánàá, ẹ̀gúsí tí mo bó sílẹ̀, inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n dà á sí. Aago kan òru ni mo ṣì ń ṣa á lára aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìkòròdú, tí kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ rí, ní kí n dá wọn padà sílé. Mo bẹ dókítà fún abẹ́rẹ́ Leqembi, ó wo fáìlì, ó ní kò ṣeé ṣe. Ṣé torí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni?

Ìyá Tóbi: Pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ìyá ọkọ mi náà, ewédú ni wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀. Àdúrà ni o.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Abẹ́rẹ́ yẹn kì í dá gbálẹ̀. Ìdọ̀tí amyloid inú ọpọlọ ló ń lẹ̀ mọ́, bí ẹni fi ẹfun sàmì sí i. Àwọn ọmọ ogun inú ọpọlọ, microglia, ló ń wá kó o. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń darúgbó: wọ́n ń lọ́ra níbi iṣẹ́, wọ́n sì ń fa wàhálà níbi tí kò yẹ. Níbi tí wọ́n ti ń kó ìdọ̀tí, ọpọlọ lè wú, ẹ̀jẹ̀ lè jò. Nínú ìwádìí tó kó nǹkan bí 1,800 èèyàn, oṣù 18 ni wọ́n fi lò ó. Ó fi 27% dín eré àìsàn náà kù. Kò wò ó sàn. Òògùn wo ni màmá ń lò?

Bàbá Láńre: Ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, àìsàn yìí kò sì pọ̀ láàárín tiwa tó tiwọn. Oúnjẹ wa ni! Ẹ fún màmá ní ewédú.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Bàbá Láńre, ẹ jọ̀ọ́, ìwádìí yẹn ò dárúkọ ewédú. Àǹtí, òògùn wo?

Àbẹ̀kẹ́ Houston: Ẹnikẹ́ni ò tíì bá mi dá sí ti ẹ̀gbọ́n mi o. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ọkàn wọn ń lù ségesège. Òun ni dókítà ń tọ́ka sí.

Ìyá Tóbi: Ṣé ẹ ò wá rí i! Ẹ ti ń bú dókítà látàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ìdí abájọ nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jò, kò ní tètè dá. Àmọ́ ẹ má fúnra yín dá òògùn náà dúró o, ó lè fa rọpárọsẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Houston: Mo ti dá a dúró láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo fẹ́ kí wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ pe dókítà. Báyìí. Ṣé ẹnu wọn ò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé wọ́n lè gbé ọwọ́ méjèèjì sókè?

Àbẹ̀kẹ́ Houston: Wọ́n ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n jí wọn.