Hámọ́ọ̀kì dípò àgọ́ nínú igbó jíjìn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ràn ká ru ẹrù wa sẹ́yìn ká rìn wọ igbó lọ, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí la ó sùn. Àgọ́ la ń lò, àmọ́ oorun inú rẹ̀ ti sú mi. Òkúta níhìn-ín, gbòǹgbò lọ́hùn-ún, bí ilẹ̀ bá tún dagẹ̀rẹ̀, mo ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ní kí n dán hámọ́ọ̀kì wò, aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ igi méjì yẹn. Ẹ̀yìn ń dùn mí tẹ́lẹ̀, ṣé kò ní tẹ̀ kọrọdọ síbẹ̀? Bí òjò bá dé ńkọ́? Ọ̀nà tí a fẹ́ tọ̀ sì gba orí òkè tí kò nígi. Kí ẹni tó ti lò ó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n. Ti ẹ̀yìn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ má sùn tààrà sí àárín aṣọ náà. Ẹ gbé orí sápá ọ̀tún díẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sápá òsì díẹ̀, aṣọ á tẹ́ lábẹ́ yín, ẹ̀yìn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Aṣọ kúkúrú ò lè gba èyí, ẹ wá èyí tó gùn tó nǹkan bíi mítà 3.3.

Ẹ má sì fà á le o! Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó bá ṣe le tó ni ẹ̀yìn á ṣe tọ́ tó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn rọ̀ wálẹ̀ láti ara igi ní nǹkan bíi 30 digírì sí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀. Ẹ na àtàǹpàkò sókè, ẹ na ìka tó tẹ̀ lé e síwájú: ìlà tó ti orí ìka yẹn lọ sórí àtàǹpàkò sún mọ́ 30 digírì. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ara yín gan-an ni okùn apá kọ̀ọ̀kan ń gbé. Bí ẹ bá fà á títí ó fi ku 10 digírì, ó di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni 70 kílò á wá di nǹkan bíi 200 kílò lára okùn kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni okùn ti ń já.

Ìyá Ìbejì: Òtútù ni ẹ ò bèèrè, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ yín kọjá ní gbogbo òru. Bí àpò ìsùn yín ṣe wù kó nípọn tó, apá tí ẹ bá sùn lé á tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò sì ní mú yín móoru mọ́. Bí ojú ọjọ́ bá ti wá sílẹ̀ ju 20 digírì lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa gbọ̀n láti ìbàdí. Ẹ lè tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, àmọ́ á máa yọ̀ kúrò lábẹ́ yín. Kúbùsù abẹ́ ló dára jù, èyí tí wọ́n ń so kọ́ sí ìta, lábẹ́ hámọ́ọ̀kì, torí ara yín ò ní tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó sùn, ẹ fọwọ́ kàn án wò: kó fara kan aṣọ, kó má fà le. Àlàfo kékeré tó bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni òtútù á gbà wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfúyẹ́ tàn yín. Ẹ ka kúbùsù, tapólì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti okùn mọ́ ọn, ti ẹni méjì sì ni ẹ máa rù. Àgọ́ kan ni ẹ ń pín rù tẹ́lẹ̀. Tìtorí ẹ̀yìn yín ni kí ẹ ṣe é.

Akínrìn: Òjò kì í ṣe ìṣòro. Ẹ kọ́kọ́ ta tapólì, ẹ wá so hámọ́ọ̀kì sábẹ́ rẹ̀, kò ní tutù rárá. Kí tapólì gùn ju hámọ́ọ̀kì lọ. Omi máa ń ti ara igi gba orí okùn wọlé, nítorí náà ẹ so okùn tín-ínrín kan mọ́ ọn lábẹ́ tapólì kó máa fì wálẹ̀, omi á gba ibẹ̀ kán sílẹ̀. Ní ti okùn tí ẹ ó fi so hámọ́ọ̀kì mọ́ igi, èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé èèpo igi, ẹ lo èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wòkè kí ẹ tó so ó: bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà lórí yín, ẹ wá igi míì. Àwọn igbó ìjọba kan ò fẹ́ kí wọ́n so nǹkan mọ́ igi wọn rárá, ẹ bi àwọn ẹ̀ṣọ́.

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé: Ẹ ṣeun gan-an. Orí òkè yẹn wá ńkọ́?

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ wo máàpù dáadáa, kí ẹ lè sùn nísàlẹ̀ níbi tí igi ṣì wà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ọ̀pá ìrìn gbé tapólì dúró, kí ẹ tẹ́ fóòmù sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Mi ò fara mọ́ ìyẹn, àbúrò. Ìjì orí òkè kì í ṣeré. Ẹ gbé àgọ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ sun hámọ́ọ̀kì nítòsí ilé, lálẹ́ tí òtútù bá mú, kí ẹ fi mọ bí kúbùsù yín ṣe tó.

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé: Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, mà. Ọkọ mi náà ní òun ò tíì ṣe tán láti kúrò nínú àgọ́.