Àràbà Ìlú Freetown tí Mo Fojú Ara Mi Rí

Lórí ọ̀rọ̀ igi ńláńlá tí kálukú wa ti fojú ara rẹ̀ rí tí a ń sọ níbí, púpọ̀ nínú àwọn igi tí ẹ̀yin ará ti ròyìn ló ṣì wà lórí ìdúró. Èyí tí mo fẹ́ sọ ti wó. Àràbà ńlá kan ni, ní àárín gbùngbùn ìlú Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Cotton Tree. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ síbẹ̀ nígbà tí igi náà ṣì dúró, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní pé ó ṣojú mi.

Oríta ni ó wà, nítòsí ilé ẹjọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ń yí i po láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ga tó nǹkan bí mítà 70. Kí n tó gbójú sókè ni mo ti ń gbọ́ ariwo àwọn àdán tó rọ̀ dirodiro sórí ẹ̀ka rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń bá ara wọn jà sí àyè, tí òórùn ìgbẹ́ wọn sì gba gbogbo abẹ́ igi kan. Ìdí rẹ̀ yọ síta gbàràgàdà bí ògiri, débi pé àgbàlagbà lè fara pamọ́ sáàárín gbòǹgbò méjì kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Bàbá kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo kí, òun ló sì jókòó tì mí tó sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn ènìyàn dúdú tó gbè sẹ́yìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ti fojú winá òtútù àti ìyànjẹ ní Nova Scotia ní Kánádà, ló wọkọ̀ ojú omi wá síbẹ̀ ní ọdún 1792. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,200. Abẹ́ àràbà yìí, gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti wí, ni wọ́n kórajọ sí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, láti ìgbà náà sì ni àwọn ènìyàn ti ń wá síbẹ̀ láti bẹ àwọn baba ńlá wọn fún àlàáfíà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ìgbà tí bàbá náà ní kí n lọ wo ẹnu ọ̀nà King's Yard, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1817. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ, kí wọ́n tó pín wọn sí àwọn abúlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun kó. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, wà lára wọn. Ọdún 1822 ni wọ́n gbé e gúnlẹ̀ sí Freetown, ó ṣì kéré. Ìlú àjèjì ni, èdè àjèjì ni, ṣùgbọ́n àràbà kì í ṣe àjèjì sí ọmọ tó bá dàgbà ní ilẹ̀ wa. Èmi gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn rí igi náà, tí ọkàn wọn sì fà sí ilé.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, òjò àti ìjì wó o lulẹ̀, ó ku kùkùté. Ààrẹ Julius Maada Bio sọ pé kò sí àmì ìtàn orílẹ̀-èdè àwọn tó lágbára jù ú lọ. Àwa tí a máa ń wí pé a ní kí àràbà ó wó, àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò, kò rọrùn fún wa láti wo àwòrán rẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá dé Freetown, kí ó jọ̀wọ́ lọ sí oríta náà, kí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà King's Yard.

Ẹ̀yin ọmọ Sàró, ìyẹn àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, tó wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta, bí ìyá àgbà yín bá ti mẹ́nu ba igi yìí fún yín rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ síbí.