Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí kò fà mọ́: ẹ sọ bí ẹ ṣe rí agbára rẹ̀ gbà padà

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo onímọ́tò. Mo ní píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, onínọ́sù ni, ìyẹn ni pé nọ́sù ló ń fọ́n epo sínú ẹńjìnì rẹ̀, kì í ṣe oníkábúrétọ̀. Ó ti pẹ́ láyé. Bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sá dáadáa. Àmọ́ bí mo bá ti di ẹrù sí i, tí mo dé ẹsẹ̀ òkè, ńṣe ló ń mí hẹlẹ. Ẹnìkan ní kí n pààrọ̀ ẹńjìnì, ẹlòmíì ní kí n ra chip. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú ẹ̀ rí, tàbí tí wọ́n ṣe é níṣojú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o. Tacoma ọdún 1998 ni tèmi, ẹńjìnì 2.7 onípísítìnì mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní 3RZ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo fi ń kó láti oko wa lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Adó-Èkìtì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹ bá ti kọjá Ìtawúre tí ẹ kọjú sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, òkè ni, kọ́nà lórí kọ́nà ni, àwọn tírélà sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá pàdé yín. Jíà kejì lọkọ̀ mi fi ń gun ibẹ̀, mo ti tẹ iná délẹ̀, bọ́ọ̀sì akérò tó kún fọ́fọ́ ń yà mí sílẹ̀.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo fi hàn ní kí n yọ ẹńjìnì dànù, kí n fi onípísítìnì mẹ́fà sí i. Mo rò ó wò. Nígbà tí ẹńjìnì yìí jáde ní tuntun, agbára ẹṣin 150 ló ní, tó bá ń yí ní ìgbà 4,800 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹṣin 150 kì í kú sórí òkè Ẹ̀fọ̀n nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A jẹ́ pé agbára ló sọnù. Ó yẹ ká mọ ibi tó gbà sọnù ká tó máa wá òmíràn tí a ó fi kún un.

Mo wá ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti fi ka ohun tó wà nínú brénbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. P0171 ló gbé jáde. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju epo lọ. Kò tiẹ̀ wo ibòmíràn, ó lọ tààrà síbi sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó wà lára àpótí fílítà. Ó tú síkírù méjì, ó fà á yọ, ó gbé e sí oòrùn kí èmi náà lè rí i. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n eruku pupa ti bò ó, ó rí wúruwùru. Ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú mi ti fi fílítà olóróró sí i, irú èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń jẹ́ kí ẹńjìnì mí dáadáa. Òróró yẹn ló ń fò bọ́ sára wáyà, tí eruku ọyẹ́ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ṣàlàyé fún mi níbẹ̀. Iná mànàmáná ló ń mú wáyà yẹn gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lọ sínú ẹńjìnì á sì máa mú un tutù. Bó bá ṣe ń tutù tó ni brénbọ́ọ̀sì fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé, ìyẹn ló sì fi ń díwọ̀n epo tí nọ́sù yóò tú. Bí eruku bá bo wáyà, afẹ́fẹ́ ò ní rí i mú tutù bó ṣe yẹ, brénbọ́ọ̀sì á rò pé díẹ̀ ló wọlé, á sì fi epo díẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ tẹ iná títí, epo ò ní tó.

Sípíréè tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ má fi aṣọ tàbí òwú nù ún, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ kan wáyà náà. A fọ́n ọn, a dúró kó gbẹ, mo ra fílítà oníbébà bíi ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, a dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí n tó délé ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀.

Àmọ́ kò tíì tán. Tí mo bá fẹ́ kí ẹńjìnì sáré kọjá ibì kan, ńṣe ló ń há. Ọmọkùnrin náà so géèjì tó ń wọn bí ẹńjìnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ rọ́bà kékeré kan lára ìntéèkì, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹńjìnì. Bí ẹńjìnì ṣe ń dún jẹ́jẹ́, géèjì wà lórí 18. Ó gbé ẹńjìnì lọ sí ìyípo 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó dì í mú síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gòkè, ó dúró díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ náà ò kúrò lójú kan. Ó ní, "Bàbá, èéfín ò ráyè jáde."

Kátálíìsì ló dí, ìyẹn àpótí ara páìpù èéfín tó ń dín oró inú èéfín kù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí kí èéfín lè gbà á kọjá. Nígbà tí a tú tèmi, iwájú rẹ̀ ti yọ́, ihò ti lẹ̀ pọ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì tí kò ṣáná dáadáa ló ń fa èyí. Epo tí kò jóná á ṣàn wọ inú kátálíìsì, ibẹ̀ ni yóò ti wá jó, ooru rẹ̀ á sì kọjá ohun tí amọ̀ yẹn lè gbà.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní kí n fi páìpù òfìfo rọ́pò rẹ̀, kí n ta àtijọ́ fáwọn tó ń rà á nítorí pìlátínọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Ọmọ àbúrò mi ló ń jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀, òun ni yóò máa fa èéfín yẹn símú látàárọ̀ dalẹ́. Tuntun ni mo rà, bó tilẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kátálíìsì ló ń dènà agbára. Èyí tó mọ́ kì í dí irú ẹńjìnì tiwa yìí lọ́wọ́, èyí tó ti yọ́ ló ń fún un lọ́rùn.

Mẹkáníìkì Ìbàdàn:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ìdí Toyota ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́sù, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn agbára tí epo fi ń dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn, láàárín 38 sí 44 psi ni. Nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá bá mi. Wọ́n ti pààrọ̀ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbòmíràn, síbẹ̀ kò fà. Mo so géèjì mọ́ ọn, kò pé 30. Nígbà tí mo gbé pọ́ǹpù jáde nínú táǹkì, asẹ́ ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, rọ́bà tó so pọ́ǹpù mọ́ páìpù ti wú, ó sì ti la ẹnu. Inú táǹkì lepo ń tú padà sí. Asẹ́ àti rọ́bà ni mo pààrọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni àyè fáàfù, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín fáàfù (ọmọrí tó ń ṣí, tó sì ń pa dé fún afẹ́fẹ́ àti èéfín) àti ohun tó ń tì í. 3RZ ò ní ohun tó ń tún àyè rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, ṣíìmù, irin pẹlẹbẹ kékeré, ni wọ́n ń pààrọ̀. Kí ẹńjìnì tutù, ti ìntéèkì jẹ́ mìlímítà 0.15 sí 0.25, ti ibi tí èéfín ń gbà jáde jẹ́ 0.25 sí 0.35. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń dàgbà, àyè yìí lè máa dínkù. Èyí tó bá fẹ̀ jù á máa pariwo, ẹ ó gbọ́ ọ. Èyí tó dínkù kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà kì í sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀, títí fáàfù ò fi ní lè pa ẹnu dé mọ́, tí iná á sì jó o. Bí kọ́ḿpíréṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, bá ti lọ, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rà lọ́jà tí yóò dá a padà, àfi kí ẹ tú orí ẹńjìnì.

Ọmọ Oódua ní Houston:

Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn o. Àga àti àgọ́ òde ni mò ń háyà fáwọn èèyàn wa níbí, mo sì nílò ọkọ̀ tó lè fa tírélà. Chevrolet C1500 ọdún 1993 ni tèmi, V8 5.7. Nọ́sù méjì péré ló ní, wọ́n jókòó sórí ẹńjìnì níbi tí kábúrétọ̀ ìbá wà. TBI ni wọ́n ń pè é. Agbára ẹṣin rẹ̀ ò ju 210 lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fà láti ìsàlẹ̀.

Èmi fi kún tèmi lóòótọ́, lẹ́yìn tí mo ti rí i pé ara rẹ̀ dá. Mo fi páìpù èéfín tó fẹ̀ sí i, mo sì fi régúlétọ̀ epo tó ṣeé yí sí i, torí pé agbára epo TBI kéré gan-an, bíi 9 sí 13 psi, bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i, epo kì í tètè tó. Chip tí ẹ bèèrè yẹn, lára irú ọkọ̀ yìí, nǹkan gidi ni. Ègé kan ni tí wọ́n ń yọ nínú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n epo àti àsìkò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ṣáná sí. Ẹni tó kọ tèmi kò kọ ohunkóhun títí mo fi so sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ sí epo mọ́ páìpù èéfín, tí mo fa tírélà pẹ̀lú ẹrù, tí mo sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ló dára. Bí ẹ bá tẹ iná délẹ̀ lábẹ́ ẹrù, bíi 12.5 sí 13 ló yẹ. Tèmi ń kọjá 14, irú ooru bẹ́ẹ̀ sì lè ba písítìnì jẹ́.

Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ so mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́, ìyẹn kì í ṣe chip, ẹ̀yin èèyàn mi. Rẹsísítọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, tó ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé afẹ́fẹ́ tutù. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ rà á.

Ìyá Onígàrí, Ìgbò-Ọrà:

Ẹ kú làákàyè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ nọ́sù, n ò mọ sẹ́ńsọ̀, gàrí ni mò ń kó lọ sí Abẹ́òkúta. Dẹ́rẹ́bà mi fi táyà ńláńlá sí Tacoma wa, ó ní ó wuyì. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ò ti lè gbéra dáadáa mọ́, tó sì ń mu epo, bẹ́ẹ̀ owó epo láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Fọganáísà iwájú ilé wa ló fi tépù wọ̀n ọ́n níṣojú mi. Táyà tó bá ọkọ̀ wá, 225/75R15, ga tó sẹ̀ǹtímítà 72. Èyí tí ọmọ yìí rà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 79. Ó ní bí táyà bá ti ga tó yẹn, ńṣe ló dà bíi pé gbogbo jíà ga sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹńjìnì á wá máa fi agbára tó ní tẹ́lẹ̀ ti ohun tó wúwo jù. Mo ní kí wọ́n dá táyà àárọ̀ padà, ọkọ̀ sì ń fà. Kí ẹ tó tú ẹńjìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ó jèrè gàrí. Táyà tèmi náà ga lóòótọ́, màá wọ̀n ọ́n. Bàbá Ìjẹ̀ṣà, bó bá jẹ́ kátálíìsì ni, kí ni mo máa fi mọ ojúlówó lọ́jà?

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ tan iná sí ẹnu kan, kí ẹ wò ó láti ẹnu kejì, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn kọjá. Bó bá jẹ́ pé iná là á já gbàràgàdà, wọ́n ti kó inú rẹ̀ dànù. Ẹ gbé e mì, bí nǹkan bá ń dún kàràkàrà, amọ̀ ti fọ́, ẹ dá a padà fún wọn. Kí wọ́n tó so ó, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà á yọ́. Bí wọ́n bá so ó tán, ẹ ní kí wọ́n tún gbé géèjì yẹn wá, kí wọ́n di ẹńjìnì mú ní 2,500 bíi ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ́rẹ́ ò bá wálẹ̀, ẹ san owó iṣẹ́ wọn.